Ẹ̀jẹ̀ ríru àti òpó ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ikùn Àlàájì: ìdáhùn mi fún àǹtí ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́

Àǹtí kan tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ló kọ̀wé sí mi, mo gé e kúrú díẹ̀: "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi ti pé 71, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n ní oògùn ẹ̀ nílé àmọ́ wọn kì í lò ó déédéé. Torí ìtọ̀ tí kì í tètè jáde la ṣe mú wọn lọ ya scan prostate, ni ẹni tó ya á bá tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé aorta wọn ti fẹ̀ tó 4.1 cm, pé aneurysm ni. BP wọn lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 168/96. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á? Tí BP bá wálẹ̀, ṣé ibi tó wú yẹn máa padà? Àwọn kan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, ká lọ fọwọ́ ra ikùn wọn. Apẹja ni wọ́n tẹ́lẹ̀, wọ́n mu sìgá gan nígbà yẹn, wọ́n ti fi sílẹ̀. Àwa ọmọ ńkọ́, ṣé ó lè mú àwa náà?"

Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú èyí tí kò lè dúró: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ ra ikùn Àlàájì bàbá yín o, ì báà jẹ́ ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ní gbogbo Ẹ̀pẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi òróró tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀já dè é. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe afẹ́fẹ́, kì í sì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, ẹ̀jẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá tagbáratagbára. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fọkàn balẹ̀, torí 4.1 kì í ṣe ohun tó ní kẹ́ẹ máa gbé wọn sáré lóru òní, àyè wà láti ṣe gbogbo ohun tó yẹ, kódà inú mi dùn pé wọ́n rí i báyìí, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbé e kiri tí wọn ò mọ̀, kì í dùn wọ́n, kì í yọ wọ́n lẹ́nu, àfi ọjọ́ tó bá bẹ́. Ẹni tó ya scan yẹn ṣeun gan, prostate, ìyẹn ẹ̀yà ara ọkùnrin tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, ni wọ́n rán an, ó tún fara balẹ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Aorta yìí ni òpó ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lára èèyàn. Inú ọkàn ló ti jáde, á kọ́kọ́ gòkè díẹ̀, á wá tẹ̀, á sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀yìn àyà, á gba iwájú eegun ẹ̀yìn wọnú ikùn, tó bá dé ọ̀gangan ìdodo á pín sí méjì, ọ̀kan á kọrí sí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìkejì sí ẹsẹ̀ òsì. Nínú ikùn, nǹkan bíi 2 cm ló máa ń fẹ̀ lára àgbàlagbà, tó bá ti tó 3 cm la ti ń pè é ní aneurysm, ìyẹn ni pé ògiri ẹ̀ ti ń rọ̀, ó ti ń yọ síta. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn máa ń wà nísàlẹ̀ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń yà sí kíndìnrín, torí níbẹ̀ ni àwọn okùn tó ń jẹ́ kí ògiri lè nà kó sì padà ti kéré jù, àwọn òpó tíntìntín tó ń gbé oúnjẹ wá fún ògiri aorta fúnra ẹ̀ ò sì tún pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ẹ̀jẹ̀ ríru. 168 tẹ́ẹ rí yẹn ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri òpó nígbà tí ọkàn bá fún, 96 ni èyí tó kù nígbà tí ọkàn bá sinmi díẹ̀ kó tó tún fún. Ọkàn èèyàn ń lù tó bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ kan. Ẹ rò ó wò, ìgbà 100,000 lójúmọ́, lójoojúmọ́, fún bí ogún ọdún, kí ẹ̀jẹ̀ máa fi agbára tó ju èyí tó yẹ lọ gbá ògiri kan ṣoṣo. Okùn tó ń nà tó ń padà nínú ògiri yẹn, ìgbà tá a wà lọ́mọdé lara wa hun èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, tó bá ti wá já lágbà, ara kì í fi bẹ́ẹ̀ hun òmíràn mọ́, okùn líle tí ò mọ̀ ọ́n nà ló fi máa ń dí i. Àwọn òpó tíntìntín tí mo ní wọ́n ń bọ́ ògiri yẹn ńkọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń mú kí àwọn náà le kí wọ́n sì di tóóró, ebi á wá máa pa ògiri lásìkò tí iṣẹ́ ẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ṣé ẹ ti rí tíúbù táyà ọ̀kadà tí ibì kan wú lára ẹ̀ rí? Atẹ́gùn kan náà ló wà nínú gbogbo tíúbù yẹn, àmọ́ ibi tó wú ló fẹ́lẹ́ jù, ibẹ̀ náà ni atẹ́gùn ń fà ya jù, bó sì ṣe ń fẹ̀ sí i náà ló túbọ̀ ń rọrùn fún un láti fẹ̀. Bí aorta Àlàájì ṣe rí nìyẹn. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tó ń jẹ́ Laplace ti ṣe ìṣirò ẹ̀ láti bí igba ọdún ó lé: tẹ́ẹ bá gbé BP 168 sínú òpó tó fẹ̀ tó 2 cm, tẹ́ẹ wá gbé 168 yẹn kan náà sínú èyí tó fẹ̀ tó 4 cm, agbára tó ń fa ògiri ya á di ìlọ́po méjì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ògiri ti ìkejì yìí ti fẹ́lẹ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún Àlàájì pé 168 ò burú fún ọjọ́ orí wọn. Ẹni tí aorta ẹ̀ ò wú rárá gan, 168 burú fún un.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín, ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan kọ́ ló ṣe é. Fún èyí tó máa ń wà nínú ikùn, sìgá ló ṣáájú gbogbo wọn, ó ju ẹ̀jẹ̀ ríru lọ dáadáa, torí èéfín sìgá ń jẹ́ kí ara fúnra ẹ̀ máa jẹ àwọn okùn inú ògiri yẹn, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn téèyàn ti fi sílẹ̀ gan, ojú àpá ṣì máa ń wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ẹ̀ ni ọjọ́ orí tó bá ti lé ní 65, kéèyàn jẹ́ ọkùnrin, kí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni ti ní irú ẹ̀ rí, àti ọ̀rá tó ń dì mọ́ ògiri òpó. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti wá ń jọba ni inú àyà, pàápàá nígbà tí ògiri bá ya láti inú, tí ẹ̀jẹ̀ wá gba àárín ìpele ògiri wọlé tó ń là á lọ, dissection ni wọ́n ń pe ìyẹn, nínú ẹni mẹ́rin tó bá ṣẹlẹ̀ sí, bíi mẹ́ta ló ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tẹ́lẹ̀. Fún bàbá yín, ohun tí mo lè sọ ni pé sìgá ló la ọ̀nà, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò tọ́jú déédéé ló wá ń gba ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́. Bí wọ́n ṣe fi sìgá sílẹ̀ yẹn, ẹ bá mi kí wọn gan, torí ti ẹni tó ṣì ń mu ún máa ń yára fẹ̀ ju ti ẹni tó ti fi í sílẹ̀ lọ.

Ṣé ó máa padà tí BP bá wálẹ̀? Rárá, àǹtí mi. Kò sí oògùn kankan, yálà ti òyìnbó tàbí tìbílẹ̀, tó ń dá ògiri tó ti wú padà sí bó ṣe wà, ẹni tó bá sì fi àgbo lọ̀ yín pé ó máa sún un kì, owó yín ló ń wá. Wọ́n tiẹ̀ ti mú oògùn BP kan tó ń jẹ́ propranolol, wọ́n dán an wò lára àwọn tó ní ti inú ikùn bóyá ó máa dá fífẹ̀ ẹ̀ dúró, kò dá a dúró. Ẹ máa wá ní kí ló dé tí mo ń pariwo BP nígbà náà. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ mọ̀ ni pé fífẹ̀ yàtọ̀ sí bíbẹ́. Wọ́n ti tẹ̀ lé àwọn tó ní aneurysm kékeré fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì hàn pé ti àwọn tí BP wọn ga ló máa ń bẹ́ jù. Nǹkan míì tún ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tí tiwọn ṣì kéré bíi ti Àlàájì, òun kọ́ ló ń pa wọ́n, àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ló ń pa wọ́n kó tó débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn kan náà ló sì wà nídìí ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó fa wàhálà yìí, a ò lè dá ọjọ́ orí padà, a ò lè yọ sìgá àtijọ́ kúrò lára wọn, BP ló ṣì wà lọ́wọ́ wa jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó bọ́.

Ẹ ní wọn kì í lo oògùn déédéé. Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ẹ tẹ̀ jù nìyí. Ẹ má kọ́kọ́ bá wọn jà, ẹ rọra bi wọ́n pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá lò ó. Mo fura sí nǹkan kan: oríṣi oògùn BP kan wà tó ń mú kéèyàn máa tọ̀ ṣáá, ẹni tí prostate ń dà láàmú tẹ́lẹ̀ kò lè fẹ́ràn ẹ̀, á máa dé ilé ìtọ̀ léraléra lóru, ìtọ̀ ò sì ní jáde dáadáa, ló bá rọra fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí láì sọ fún ẹnì kankan. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni wọ́n ń lò, dókítà lè pààrọ̀ ẹ̀, amlodipine wà, losartan wà, lisinopril wà, oríṣiríṣi ló wà. Àwọn oògùn prostate kan náà tún máa ń fa BP wálẹ̀, òyì lè kọ́ wọn tí wọ́n bá dìde lójijì, torí náà dókítà tó ń tọ́jú BP gbọ́dọ̀ mọ oògùn prostate, ti prostate náà gbọ́dọ̀ mọ ti BP, ẹ kó gbogbo páálí ẹ̀ sínú ọ̀rá kan kẹ́ẹ gbé e dání tẹ́ẹ bá ń lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n dédé já a lójijì, pàápàá atenolol àtàwọn ẹbí ẹ̀, torí BP lè fò sókè ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Tí ara bá ti yá, tí BP ti di 128, oògùn ló sọ ọ́ di 128 o, kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti lọ, ìgbà yẹn gan ló yẹ kéèyàn máa lò ó lọ, ó máa ń dùn mí gan tí mo bá rí ẹni tó já oògùn sílẹ̀ torí pé oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kó wà ni kó wà nísàlẹ̀ 140/90 láìyẹ̀, tí ara wọn bá gbà á kó tó 130/80, díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í ṣe ká fi ọjọ́ kan já a lulẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn wọn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kí wọ́n má sọ̀rọ̀, kí wọ́n ti tọ̀ tán, kẹ́ẹ tó wọ̀n ọ́n, kẹ́ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nígbà àkọ́kọ́ ẹ wọn apá méjèèjì, èyí tó bá ga jù ni kẹ́ẹ máa lò lọ. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yẹn, téèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ agbọ̀n ẹja kalẹ̀ tó ń mí hẹlẹ, tó tún ń nájà pẹ̀lú oníbàárà, ìyẹn ò lè sọ òótọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àlàájì máa béèrè nípa ààwẹ̀ àti ìrun, mo mọ̀. Ìrun ò ní wàhálà, kí wọ́n máa forí kanlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ààwẹ̀ náà, kí wọ́n lọ bá dókítà kó tó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí Ramadan wọlé, ọ̀pọ̀ oògùn BP òde òní jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, wọ́n lè lò ó nígbà sààrì tàbí nígbà ìṣínu, kò sídìí láti fi oṣù kan gbáko sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ farabalẹ̀ ka èyí torí ó lè ṣẹlẹ̀ lọ́la. Ẹni tó ní prostate máa ń ní kòkòrò nínú ìtọ̀, tẹ́ẹ bá dé kẹ́mísì, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé lé yín lọ́wọ́ ni ciprofloxacin, cipro lásán làwọn èèyàn ń pè é. Ẹ má gbà á fún Àlàájì. Láti December 2018 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé oògùn ìdílé yẹn, cipro, levofloxacin, ofloxacin, lè mú kí aorta ya tàbí kó bẹ́, pé ẹni tó bá ti ní aneurysm kò gbọ́dọ̀ lò ó àyàfi tí kò bá sí òmíràn tó lè ṣiṣẹ́. Oògùn kòkòrò míì wà. Ẹ kọ ọ́ sára káàdì ọsibítù wọn, ẹ sọ ọ́ fún gbogbo ilé. Diclofenac àti ibuprofen tí wọ́n máa ń rà tí ẹ̀yìn bá ń ro wọ́n náà, ó ń gbé BP sókè, ó ń ba kíndìnrín jẹ́, parasitamọ́ọ̀lù dáa jù ú lọ. Paraga àti àgbo jẹ̀díjẹ̀dí tí wọ́n fi ọtí rẹ, kí wọ́n gbàgbé ẹ̀.

Ti iyọ̀, gbogbo èyí tí wọ́n máa jẹ lójúmọ́ kò yẹ kó ju ṣíbí tíì kan lọ, bí 5 g nìyẹn, màgí sì wà lára ẹ̀ o, iyọ̀ ni màgí. Ẹ̀yin ní ẹja tútù nílé, ẹ dín màgí kù, kẹ́ẹ fi àlùbọ́sà, ata àti efinrin sè é, ó máa dùn. Kí wọ́n máa rìn létí òṣà láàárọ̀, ìrìn dáa. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí wọ́n máa bá àwọn ọmọ gbé ẹ́ńjìnì ọkọ̀ tàbí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò, kí wọ́n máa fa àwọ̀n tó kún fún ẹja, torí téèyàn bá sé èémí tó fi gbogbo ara fà, BP máa ń fò lọ sókè fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bákan náà ni tí wọ́n bá ń fún ara nílé ìgbẹ́ tàbí níbi ìtọ̀, ìdí míì nìyẹn tẹ́ẹ fi gbọ́dọ̀ tọ́jú prostate yẹn dáadáa, kẹ́ẹ sì máa fún wọn ní ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, èso àti omi kí ìgbẹ́ má baà le.

Fún 4.1, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni scan tó, níbi kan náà tó bá ṣeé ṣe, torí ọwọ́ tó yà á lè yàtọ̀. Ó máa ń fẹ̀ tó mílímítà méjì sí mẹ́ta lọ́dún, tó bá di 4.3 lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ má sunkún. Tó bá fi odidi sẹ̀ǹtímítà kan fẹ̀ láàárín ọdún kan, tàbí tó dé 5.5 cm, àwọn oníṣẹ́ abẹ máa fẹ́ ṣiṣẹ́ sí i, fún obìnrin nǹkan bíi 5 cm, torí tiwọn máa ń bẹ́ kó tó tóbi tó ti ọkùnrin. Nísàlẹ̀ ìyẹn, iṣẹ́ abẹ fúnra ẹ̀ léwu ju kéèyàn máa ṣọ́ ọ lọ, kò wọ́pọ̀ kí èyí tó kéré tó báyìí bẹ́ láàárín ọdún kan, ìyẹn ni kí wọ́n fi máa sùn dáadáa. Ẹ gba ìwé ní Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́ lọ sí àwọn ọsibítù ńlá, LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, kí àwọn tó mọ̀ nípa òpó ẹ̀jẹ̀ ti rí wọn kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ yẹn ti yàtọ̀ gan sí ti àtijọ́. Albert Einstein, ọmọ Jámánì tó mọ ìmọ̀ físíìsì ju gbogbo ayé lọ, tó sì fẹ́ràn páìpù tábà, irú èyí ló wà nínú ikùn ẹ̀. Lọ́dún 1948, ọ̀rá cellophane ni dókítà Rudolph Nissen fi wé e káàkiri kó lè yi, torí ohun tó wà nìyẹn nígbà yẹn, ó sì lo ọdún mẹ́fà ó lé sí i kó tó bẹ́, ó kú ní 18 April 1955, ẹni ọdún 76. Lónìí, wọ́n lè la ikùn kí wọ́n fi òpó tí wọ́n fi aṣọ hun rọ́pò ibi tó wú, tàbí kí wọ́n gba òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà ní òkè itan wọlé kí wọ́n fi òpó míì bọ inú ẹ̀ láì la ikùn.

Àmì tí ò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ kẹ́ẹ jókòó: ìrora tó bá dé lójijì tó le nínú ikùn, lẹ́yìn tàbí ní ìhà, tó lè lọ sí abẹ́, kí òógùn tútù máa bò wọ́n, kí òyì kọ́ wọn tàbí kí wọ́n dákú, tàbí ìrora àyà tó dà bíi pé wọ́n ń fà á ya lọ sẹ́yìn. Èèyàn á ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, á ní òkúta kíndìnrín ni, ẹ má gbọ́. Ẹ pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì nìyẹn, ẹ má yà sí kẹ́mísì, ẹ má fún wọn ní nǹkan kan mu, ẹ gbé wọn lọ, kẹ́ẹ sì kígbe "aneurysm" láti ẹnu géètì, kẹ́ẹ mú ìwé scan dání, torí dókítà tí ò bá mọ̀ lè fi wákàtí kan wá ohun tẹ́ẹ ti mọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ńkọ́? Ó máa ń tẹ̀ lé ìdílé, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń mú. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò Àlàájì tó bá ti lé ní 65, pàápàá àwọn ọkùnrin àti ẹni tó bá ti mu sìgá rí, kí wọ́n ya scan ikùn kan ṣoṣo, kì í dunni, kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣì wà lábẹ́ ìyẹn, BP ni kẹ́ẹ kọ́kọ́ lọ wọ̀n, gbogbo yín pátá, kí àbúrò yín tó ṣì ń mu sìgá, tó bá wà, fi í sílẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Kẹ́ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé scan yẹn ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n kọ pé ó wú sí, bóyá òkè kíndìnrín ni tàbí ìsàlẹ̀ ẹ̀, torí ó máa pinnu irú iṣẹ́ abẹ tí wọ́n lè ṣe tó bá dọjọ́ náà.